A Sin Ọmọ Wa Dé Kwangila

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a gbéra ní Kánò, tìyá tìbàbá, láti sin àbíkẹ́yìn wa obìnrin lọ sí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Sáríà. Kwangila ni a bọ́ sí. Oríta ni: ọ̀nà Kánò sí Kàdúná gba ibẹ̀ kọjá, ti Ṣókótó sì yà níbẹ̀ lọ sí Sámárù, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Ariwo àwọn tó ń pe èrò, àti eruku!

A kò ní fi pamọ́ fún yín: Ìbàdàn ni ìyá rẹ̀ fẹ́, kí ọmọ lè mọ ilé. Ọmọ ní Sáríà ni. (Òun kọ́ ni Yorùbá àkọ́kọ́ níbẹ̀ ṣá. Kí Yunifásítì náà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, ti kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà níbẹ̀ ṣáájú.)

Bàbá ṣì ń to ìwọ̀nba Haúsá ọjà tí ó gbọ́ pọ̀, ọmọ ti ná ọkọ̀ Sámárù tán. Àpótí wọlé, ẹní wọlé, gàrí wọlé. Ó wá kúnlẹ̀ nínú eruku.

"Ẹ má wulẹ̀ bá mi débẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ á ṣú bá yín lọ́nà Kánò."

Yàrá tí yóò máa sùn la tìtorí ẹ̀ wá wò! Ìyá rẹ̀ gbàdúrà títí awakọ̀ fi fun fèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ti lọ jìnnà kí a tó rí i pé ìgò epo pupa rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ bàbá.