Ọ̀nà Abà Lẹ́yìn Ṣẹ̀kọ́nà

Ẹdẹ Mápó Arógun, ìlú tí Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná tẹ̀dó nígbà tí Aláàfin rán an wá ṣọ́ ọ̀nà, ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé ọ̀nà kì í ṣe ohun à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú mọ́tò lórí ọ̀nà ọlọ́dà, tí igi ń sá sẹ́yìn lójú rẹ̀, kì í rántí èyí, àfi bí ó bá yà kúrò lójú títì ní ìhà Ṣẹ̀kọ́nà, tí ó kọjú sí inú igbó níbi tí kòkó wà, gẹ́gẹ́ bí èmi ti ṣe lásìkò òjò, nígbà tí mo ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní abà rẹ̀.

Lándírófà àtijọ́ ni a gbé lọ, irú èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1948, nígbà tí irin wọ́n lẹ́yìn ogun Hitler, tí wọ́n sì fi alumíníọ́mù ṣe ara rẹ̀. Òjò kò rí ara náà gbéṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpẹtà ń jẹ férémù rẹ̀ tí í ṣe irin. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí: bí iwájú bá rì, ẹ̀yìn a tì í, bí ẹ̀yìn bá ń yọ̀, iwájú a fà á.

Òjò nìkan kọ́ ni ó ba ọ̀nà náà jẹ́. Àwọn agbégilódò tí ń kó gẹdú ti fi táyà gbẹ́ kòtò gígùn méjì sí i, òkìtì amọ̀ sì dúró gangan láàárín, débi pé ọkọ̀ tí ó bá tọ ipasẹ̀ wọn yóò fi ikùn sọlẹ̀, táyà rẹ̀ yóò sì máa yí lófìfo. Awakọ̀ wa, àgbà tí ó ti pẹ́ nídìí kíkó kòkó jáde, tú díẹ̀ nínú atẹ́gùn táyà kí wọ́n lè tẹ́ mọ́lẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan gun òkìtì, ó gbé èkejì sí etí igbó, a sì ń lọ ní ìfẹ̀gbẹ́, èmi di ilẹ̀kùn mú, mo ń ka oríkì baba mi lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tí a dé odò kan tí òjò àná mú kún, mo ṣe bí eré ni yóò fi là á kọjá, àfi bí ó ti pa ẹ́ńjìnnì.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn ín wò ná.”

Ó ká ṣòkòtò, ó mú ọ̀pá, ó ń tẹ ìsàlẹ̀ omi wò díẹ̀díẹ̀, nítorí a kì í fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọn odò. Lójú tèmi, ìrìn yìí gan-an ni ọkọ̀ wíwà. Èyí tí ó fi ọwọ́ ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kò ju àṣekún lọ. Ó fi jíà kékeré wọ omi, kò sáré, kò sì dúró, torí ẹni tí ó bá sáré yóò da omi bo ẹ́ńjìnnì, ẹni tí ó bá sì dúró, ìṣàn yóò fa iyanrìn kúrò lábẹ́ táyà rẹ̀. Nígbà tí a gòkè tán, ó ń tẹ bíréèkì lemọ́lemọ́ títí ó fi gbẹ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó dé abà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní láti ìyálẹ̀ta ni àwọn ti ń gbọ́ ìró ọkọ̀ wa nínú igbó, pé àwọn gúnyán dè wá, pé nígbà tí ìró náà kò sún mọ́ tòsí, àwọn jẹ iyán náà tán.

“Ẹ jókòó,” ni ó wí, “wọ́n ń gún òmíràn.”