Sùúrù Títí Di Ìgbà Wo?

Àwọn baba wa a máa wí pé sùúrù ni baba ìwà, wọn a sì tún máa wí pé ẹni tó bá ní sùúrù ni yóò fún wàrà kìnnìún. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè, ẹ̀yin òǹkàwé mi: ta ló sọ iye ọdún tí a ó fi di kìnnìún náà mú kí wàrà tó jáde? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ẹ̀fẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà àti ọmọdé nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Okokomaiko, láti ìgbà tí mo ti wà nílé ẹ̀kọ́ gírámà ní Iba títí tí mo fi wọ yunifásítì ní Ọ̀jọ́ níbí, nítorí pé èmi náà wà lára àwọn tó fi ọkàn wọn lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Arsenal ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Àlejò lè béèrè pé kí ló pa ilẹ̀ Àwórì pọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Nwankwo Kanu ni. Òun ló ṣe balógun fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996. Lọ́dún kan náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún un, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé ó ti parí fún un. Ní 1999 ó wọ Arsenal. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Chelsea ti gbá góòlù méjì wọlé, Arsenal kò tíì ní ẹyọ kan. Kí wọ́n tó fọn fèrè ìparí, Kanu nìkan ti gbá mẹ́ta. Nígbà tó tún wá di sáà 2003 sí 2004, Arsenal gbá bọ́ọ̀lù 38 nínú líìgì láìpàdánù ẹyọ kan: wọ́n borí nínú 26, wọ́n ta ọ̀mì nínú 12. Àwọn baba tó rí nǹkan wọ̀nyí fi ẹgbẹ́ náà lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́ bí ẹni ń fi oríkì ìdílé lé ọmọ lọ́wọ́. Ọjà Àlàbá, níbi tí a ti ń ra tẹlifíṣọ̀n àti díìṣì, kò sì jìnnà sí wa rárá. Ìdí nìyí tó fi ṣọ̀wọ́n kí a rí àdúgbò kan láàárín Iba àti Okokomaiko tí ẹnì kan kò ti gbé díìṣì sórí òrùlé, kí ó to bẹ́ǹṣì, kí ó tan jẹnẹrétọ̀, kí ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti gba owó.

Àwa tí a jogún oríkì náà kò bá ayọ̀ náà. Lẹ́yìn 2004, ọdún ń gorí ọdún, ife líìgì kò padà wá. Ní oṣù kejìlá 2019 wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé Mikel Arteta lọ́wọ́, ọmọ ilẹ̀ Spéènì tí òun fúnra rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal rí. Ó gba ife FA ní oṣù kẹjọ 2020, ṣùgbọ́n nínú líìgì, ipò kẹjọ ni wọ́n wà ní 2020, ipò kẹjọ náà ni ní 2021. Nígbà tí sáà tuntun wá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2021, Brentford na wá ní méjì sí òdo, Chelsea na wá ní méjì sí òdo, Manchester City sì nà wá ní márùn-ún sí òdo. Góòlù mẹ́sàn-án wọlé wa, àwa kò gbá ẹyọ kan. Nínú ẹgbẹ́ 20, àwa la wà nísàlẹ̀ pátápátá. Nílé ìwòran wa, àwọn alátìlẹ́yìn Chelsea ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá kí àwọn dá owó aró fún wa.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí lọ́jọ́ wọ̀nyẹn ni irú àwọn tí wọ́n kó jọ. Àwọn mẹ́fà tí wọ́n rà fún sáà náà, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ju ọmọ ọdún 23 lọ. Àárín wọn ni wọ́n sì ti rí ọmọ tiwa, Bùkáyọ̀ Saka, tí àwọn òbí Yorùbá bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní 2001, tí Arsenal sì ti ń tọ́ láti kékeré. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí orúkọ náà ń wí: ẹni tó wá bù kún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù keje 2021, nígbà tí England àti Italy gbá àṣekágbá ife ilẹ̀ Yúróòpù, ọmọ ọdún 19 yìí ni wọ́n fi pẹnáritì ìkẹyìn lé lọ́wọ́, aṣọ́lé sì mú un. Àwọn ènìyàn bú u nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ní Okokomaiko níbí pàápàá, mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé èrè ẹni tó kọ Nàìjíríà sílẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí pé ọmọ ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, kì í ṣe àgbà.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan yí padà. Ipò karùn-ún ni wọ́n gbà ní 2022. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 248 ni Arsenal fi wà lókè tábìlì, síbẹ̀ Manchester City ló gba ife. Ní 2024, àmì 89 la ní, City ní 91. Lọ́jọ́ tí sáà náà parí, ní oṣù karùn-ún, a na Everton, ṣùgbọ́n City náà borí, gbogbo ilé ìwòran sì pa lọ́lọ́. Bọ̀ọ̀dá kan tó ń wa kòrópè dìde, ó yíjú sí bàbá mẹkáníìkì tí gbogbo wa ń pè ní Alága.

Ó ní, “Alága, ẹ má bínú o. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú lẹ ti ń sọ pé ká ní sùúrù. Sùúrù títí di ìgbà wo?”

Alága kò yára dáhùn. Ó ní, “Ọmọ mi, n kò mọ ìgbà. Ṣùgbọ́n tí mo bá tú ẹ́ńjìnnì rẹ sílẹ̀, tí o dé lọ́la, tí o rí i pé mo ti fọ èyí, mo ti pààrọ̀ tọ̀hún, ìwọ yóò tún lọ jókòó. Tí o bá dé tí o rí gbogbo rẹ̀ nílẹ̀ bí o ti fi í sílẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ ni kí o bínú. Wo ibi tí a wà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kí o tó bi mí ní ìgbà.”

Mo rò pé ọ̀rọ̀ bàbá yìí ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Àwa tí à ń gbé lójú ọ̀nà Àgbádárìgì mọ irú sùúrù méjèèjì. Ní nǹkan bí 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin aláwọ̀ búlúù tí yóò gba Marina wá sí Okokomaiko, kìlómítà 27. Nígbà tí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, Mile 2 ló dúró sí, ibùdókọ̀ márùn-ún péré. Àwọn ọdún kan wà tí a ń kọjá tí a kò rí òṣìṣẹ́ kan. Inú wa bàjẹ́, ó sì tọ́. Àwọn ọdún mìíràn wà tí a rí i pé wọ́n ń gbẹ́, wọ́n ń mọ. Lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀nà kò dín ní dídí, ṣùgbọ́n ìkanra dín. Kì í ṣe gígùn ìdúró ló ń pa ènìyàn. Àìrí iṣẹ́ ni.

Ohun kan wà tó ń ba irú sùúrù yìí jẹ́ láàárín àwa ọ̀dọ́, n kò sì ní fi bò: tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni. Ẹni tó bá ti ta owó oúnjẹ rẹ̀ lórí ìdíje alẹ́ òní kò lè fún ọmọ ogún ọdún ní ọdún mẹ́ta kí ó fi gbọ́n. Lójú rẹ̀, ọmọ tó ṣi bọ́ọ̀lù gbá ti di olè tó jí owó rẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fẹ́ràn Arsenal tọkàntọkàn, tí tẹ́tẹ́ sì sọ wọ́n di ọ̀tá àwọn tí wọ́n fẹ́ràn.

Ní oṣù keje 2024, England tún pàdé Switzerland nínú ife ilẹ̀ Yúróòpù. Bùkáyọ̀ ló gbá góòlù tó dá wọn padà sínú ìdíje náà. Nígbà tó sì di pẹnáritì, ó tún jáde lọ gbá a, ó sì wọlé. Ọmọ kan náà ni o. Ọdún mẹ́ta péré ló wà láàárín. Nígbà tó di oṣù kẹrin 2025, ó wà nínú àwọn tó na Real Madrid nílé àti lẹ́yìn odi. Sáà náà parí, ipò kejì la tún gbà, fún ìgbà kẹta léraléra. Ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó rántí oṣù kẹjọ 2021 mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà kò sí nílẹ̀ mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Àwọn ọmọ kékeré tí kò ní owó àtiwọlé máa ń dúró sójú fèrèsé ilé ìwòran, ẹsẹ̀ wọn kún fún iyanrìn pápá Iba. Wọn kò rí tẹlifíṣọ̀n dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí à ń wí. Bí a bá ń pe ọmọ ọdún 19 ní aláìwúlò nítorí bọ́ọ̀lù kan, wọ́n ń gbọ́ ohun tí a ó pe àwọn náà lọ́la. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn olórí ẹgbẹ́ léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe, kí a bi wọ́n gidigidi. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ kó kọ́ ọ.