Gbèsè Tí Ọmọṣẹ́ Jẹ Ọ̀gá

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí kò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti gbà, níwọ̀n ìgbà tí kì í bá ṣe òun ló ni ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá la ọ̀nà, tó ń gba owó ibodè lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí ẹlòmíràn wá la òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, òwe náà yóò korò lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó wá ń yà mí lẹ́nu ni pé ẹni tó la ọ̀nà tuntun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ gbógun tì. Ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá ni yóò dojú ìjà kọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé mi gbé yẹ̀ wò nìyí: kí ló tọ́ kí a ṣe fún oníṣẹ́ tó fi ọ̀gá kan sílẹ̀, tó lọ bá ẹni tó ń bá ọ̀gá náà du ọjà?

Àríyànjiyàn tó mú mi ronú sí i kò ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Eré gọ́ọ̀fù ló dá a sílẹ̀, eré tí ọ̀pọ̀ wa ní Òkìtìpupa kò rí rí àfi lójú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí pápá ńlá rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa lè rìn dé Smokin Hills ní Ìlárá-Mọ̀kín, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, PGA Tour ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀nà tí àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nínú eré náà ń gbà wọ ọjà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, LIV Golf, tí owó ìjọba Sáúdí Arébíà wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣe ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Centurion Club nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Mílíọ̀nù 25 dọ́là ni wọ́n kó kalẹ̀. Charl Schwartzel, ọmọ ilẹ̀ South Africa, tó borí, gba mílíọ̀nù 4 dọ́là fún ara rẹ̀, láìka èyí tó kàn án nínú owó ikọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, ọjọ́ tí ìdíje bẹ̀rẹ̀ gan-an, PGA Tour fi òfin de àwọn eléré 17 tó lọ síbẹ̀. Phil Mickelson, tó ti gba ife-ẹ̀yẹ ńláńlá mẹ́fà, wà lára wọn. Ẹgbẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù náà bu ìtanràn ọ̀kẹ́ márùn-ún pọ́n-ùn lé àwọn tirẹ̀ tó lọ láìgba àṣẹ, àwọn onílàjà sì fọwọ́ sí ìtanràn náà ní oṣù kẹrin ọdún 2023.

Kí a má ṣe ojúsàájú. PGA Tour ní àwíjàre. Òun ló tọ́jú ìdíje tó sọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí di olókìkí, òun ló wá àwọn olówó tó ń ṣe onígbọ̀wọ́, àwọn eléré sì ti fọwọ́ sí òfin rẹ̀ pé àwọn kò ní lọ sí ìdíje mìíràn láìtọrọ àyè. Àwọn eléré náà ní tiwọn láti sọ. Wọn kì í gba owó oṣù. Wọ́n ń fi owó ara wọn rin ìrìn àjò, ẹni tí kò bá sì gbá a dáadáa dé ìdajì ìdíje yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n ní ẹni tí kò fún ni lóúnjẹ lọ́jọ́ tí ebi ń pa ni kò yẹ kó dí ni lọ́nà oko ẹlòmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan nìyí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kò sí ìnáwó tó dùn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn ará wa Ìlàjẹ láìsí orin biripo. Mo mọ onílù kan tó wà lẹ́yìn ọ̀gá olórin kan ní àdúgbò wa. Ọ̀gá náà ló kọ́ ọ ní ìlù láti kékeré, abẹ́ òrùlé rẹ̀ ló sì ti jẹ púpurú dàgbà. Nígbà tó di géńdé, ẹgbẹ́ mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi owó lọ̀ ọ́, ó sì bá wọn lọ. Ọ̀gá rẹ̀ kò bá ẹgbẹ́ náà sọ nǹkan kan. Ó kàn ránṣẹ́ sí àwọn tó máa ń pè é sóde pé ibi tí wọ́n bá ti pe onílù náà, kí wọ́n má pe òun. Kò pẹ́ tí òde ẹgbẹ́ tuntun náà fi ń dín kù, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò. Ọkùnrin tí ìlù ń fọhùn lọ́wọ́ rẹ̀ wá di ẹni tó ń bá wọn kó ẹyìn ní oko ọ̀pẹ. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀gá méjèèjì parí ìjà wọn, wọ́n sì jọ ṣeré níbi ìsìnkú àgbà kan. Mo wà níbẹ̀. Onílù náà pẹ̀lú wà níbẹ̀, ó jókòó láàárín èrò, ó ń fi ìka lu tábìlì.

Ẹ fi tirẹ̀ wé ti King Sunny Adé, ọmọ bíbí Oǹdó. Ilé-iṣẹ́ African Songs ti Olóyè Bọ́lárìnwá Abíọ́rọ̀ ló ń gbé àwo orin rẹ̀ jáde nígbà tí òkìkí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn. Ní ọdún 1974, ìjà owó dé. Àwo ń tà, ṣùgbọ́n ohun tó ń kan ẹni tó kọrin kéré. Ọ̀rọ̀ di ti ilé-ẹjọ́, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ gba orin sínú àwo fún oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà pé, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ Green Spots rẹ̀ di African Beats, ó sì dá ilé-iṣẹ́ àwo tirẹ̀ sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà náà yóò ti korò fún un, ṣùgbọ́n wọ́n lóǹkà. Ti onílù wa kò lóǹkà.

Àwọn òyìnbó náà ti fi irú ẹjọ́ yìí lọ ilé-ẹjọ́ rí. Ní ọdún 1977, Kerry Packer, olówó kan ní Ọsirélíà, kó àwọn ọ̀jẹ̀ nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì lọ sí ìdíje tirẹ̀. Àwọn aláṣẹ eré náà pinnu láti fòfin dè wọ́n. Tony Greig, tó ti jẹ́ balógun ikọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn méjì mìíràn pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Adájọ́ Slade dá wọn láre, ó ní òfin náà ń dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ láìtọ́. Nígbà tó fi di ọdún 1979, Packer àti àwọn aláṣẹ Ọsirélíà ti parí ìjà.

Àwa Yorùbá ti rí ojútùú sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Bí a bá fa ọmọ lé télọ̀ tàbí mẹkáníìkì lọ́wọ́ ní Òkìtìpupa, a ó dá iye ọdún tí yóò lò. Bí ọdún bá pé, yóò gba òmìnira. Yóò san owó, yóò ra ohun mímu, àwọn oníṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn yóò pé jọ, ọ̀gá yóò sì wúre fún un. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá wù ú, kó ya ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Inú ọ̀gá lè má dùn, ṣùgbọ́n kò lè ní kí ẹnikẹ́ni má gbé aṣọ wá síbẹ̀, nítorí ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ẹni tó bá sá lọ kí ọdún tó pé jẹ̀bi, a ó sì bá a wí, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Gbèsè wà lọ́rùn ọmọṣẹ́, gbèsè náà sì ní iye.

Ẹ wá gbọ́ bí ti gọ́ọ̀fù ti já sí. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 2023, PGA Tour kéde pé òun àti àwọn tó ń náwó sí LIV ti ṣàdéhùn láti da òwò wọn pọ̀. Àwọn eléré kò gbọ́ sí i ṣáájú. Rory McIlroy, tó ti ń fi ẹnu rẹ̀ gbèjà PGA Tour láti ọdún tó kọjá, sọ ní ọjọ́ kejì pé ó fẹ́ẹ̀ dà bí ẹni pé òun ni wọ́n fi ṣe ẹran ìrúbọ. Wọ́n ti sọ fún àwọn eléré ní ọdún 2022 pé owó Sáúdí kò mọ́. Kí ló fọ̀ ọ́ láàárín ọdún kan? Títí ọdún 2025 fi parí, ìdàpọ̀ náà kò tíì ṣẹ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 2026, PGA Tour ṣílẹ̀kùn fún Brooks Koepka láti padà wálé, lára ohun tí wọ́n sì bù lé e ni kó fi mílíọ̀nù 5 dọ́là ṣe ìtọrẹ àánú. Wọ́n ti wá dá iye lé gbèsè nígbẹ̀yìn, ohun tí télọ̀ èyíkéyìí ní Òkìtìpupa ì bá ti kọ́ wọn ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn àgbà kìlọ̀ pé bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ́n. Àwọn ọ̀gá á jà, wọn á parí ìjà, wọn á sì jọ jẹun. Ẹni tí wọ́n fi òfin dè láàárín wọn ni ọdún rẹ̀ kì í padà. Nítorí náà, ọ̀gá tó bá ní ọmọṣẹ́ jẹ òun ní gbèsè, kó dárúkọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò tán. Bí kò bá lè dárúkọ wọn, a jẹ́ pé kì í ṣe gbèsè ló ń gbà.