Òkè Wo Ni Ká Gùn Lọ́dún Tó Ń Bọ̀?

Ọ̀rọ̀ mi kò ju ti ibi tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa kó àwọn ọmọ lọ fún ìgbafẹ́. Ó lè dàbí ọ̀rọ̀ eré, ṣùgbọ́n ní ìpàdé wa tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó di ìjà. Àwọn ọ̀dọ́ ní òkè ni àwọn fẹ́ gùn. Àwọn ìyá ní ẹnikẹ́ni kò ní kó ọmọ àwọn kúrò nígboro.

Mo kà á pé ní àwọn òkè Alps, níbi tí àwọn òyìnbó ti ń so pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ láti yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín, àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín ọ̀nà. Búlúù wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, pupa fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, dúdú fún ògbóǹtarìgì. Kálukú yóò wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kí ó tó yan ọ̀nà. Ètò náà dára, ẹ jẹ́ kí a yá a lò. Ṣùgbọ́n níbi tiwa, kì í ṣe gíga òkè ni a ó wò kí a tó kun ọ̀dà. Títì tí yóò gbé wa lọ, tí yóò sì gbé wa bọ̀, ni.

Búlúù tèmi ni ọgbà Gamji, létí odò Kàdúná. Kò sí òkè níbẹ̀, mo mọ̀, àwọn ọ̀dọ́ yóò yọ ṣùtì. Ṣùgbọ́n afárá ẹlẹ́sẹ̀ Lugard wà níbẹ̀. Zungeru ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, nígbà tí Zungeru jẹ́ olú ìlú Àríwá, kí wọ́n tó tú u wá sí Kàdúná ní ọdún 1954. Ọmọ tí a bí sí Tudun Wada tàbí Sabon Tasha tí kò tẹ afárá yìí rí, kí ni yóò sọ nípa ìlú tí a bí i sí? Àwọn àgbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu lè jókòó máa ta ayò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣáà wọ odò o. Kada ni Háúsá ń pe ọ̀nì, wọ́n sì ní ibẹ̀ ni odò náà ti gba orúkọ.

Pupa ni òkè Kufena ní Zaria, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wusasa tí Ọ̀gágun Gowon ti dàgbà. Àpáta gidi ni, ó ń béèrè bàtà tó dára àti omi mímu, kì í sì í ṣe ti ọmọ ọwọ́.

Dúdú ni Kajuru àti Matsirga. Ará Jámánì kan ló kọ́ ilé olódi sórí òkè Kajuru, ó sì rẹwà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, àwọn agbébọn wọ ibi ìgbafẹ́ náà lálẹ́, wọ́n pa ènìyàn méjì, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ. Ní ti Matsirga, ìṣàn omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta lẹ́bàá Kafanchan, òun ló wù mí jù. Àsìkò òjò ni omi rẹ̀ kún jù, àsìkò náà sì ni àpáta ń yọ̀ jù. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, kò sì ṣeé lọ kí a bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú láìkánjú. Ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Mi ò bá àwọn ìyá wí. Láti rògbòdìyàn ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń há ọmọ mọ́ ọgbà. Àwọn ọmọ ọjọ́un ti di òbí báyìí, àwọn náà sì ń há ọmọ tiwọn mọ́lé. Títí dìgbà wo?

Ohun tí mo dá lábàá ni pé kí á lọ sí Kufena ní Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, kí ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀run. Àwọn tó ti pé ọdún méjìlá ni kí wọ́n gùn ún, pẹ̀lú ará Zaria tó mọ ọ̀nà. Kí ọkọ̀ gbéra láàárọ̀ kùtù, kó sì padà dé ní agogo mẹ́ta. Bí ìròyìn ọ̀nà kò bá dára lọ́jọ́ Jímọ̀, Gamji ni gbogbo wa ń lọ, láìjiyàn. Owó ọkọ̀ nìkan ló kù tí a kò tíì fẹnu kò lé lórí.