Ẹ Sọ Òfin Kí Ẹ Tó Pín Káàdì

Ọ̀rọ̀ Whot ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, torí mi ò tíì rí ilé kan ní Ajégúnlẹ̀ tí wọn kì í ti í ta á tí NEPA bá mú iná lọ.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe Whot ní 1935, ṣùgbọ́n àwa la sọ ọ́ di tiwa. Káàdì 54 ló wà níbẹ̀. Káàdì 20, ìyẹn Whot fúnra rẹ̀, ni ọ̀gá: a lè jù ú lé orí ohunkóhun, ká sì béèrè èyí tó wù wá. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ti pariwo "Check up!", ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Kálukú á ka nọ́ńbà tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́, ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ jù ló jáde. Ìràwọ̀ 8 kì í ṣe 8 mọ́, 16 ni, torí ìlọ́po méjì la máa ń ka ìràwọ̀. Ọ̀gá wa 20 náà sì di gbèsè 20 lọ́rùn ẹni tó dì í mú.

Àwọn tó ń ta Yu-Gi-Oh, káàdì àwọn ará Jàpáánì, á mọ irú ẹ̀. Blue-Eyes White Dragon ní agbára 3000. Tí ẹ bá fi Axe of Despair kún un, ó di 4000. Tí alátakò bá wá ju Shrink lé e, 3000 tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ̀ nìkan la máa pín sí méjì, 1000 ti àáké ò ní yẹ̀: ó di 2500 títí tọ́ọ̀nù yẹn á fi parí. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ohun tí káàdì kọ̀ọ̀kan ń ṣe sára ẹ̀. Ti Whot, ẹnu la fi ń sọ ọ́. Ẹni tí wọn ò bá sọ fún, ó gbé.

Ní àgbàlá wa, ẹni tó bá kà pọ̀ jù lálẹ́ Sunday ló máa pọn omi láàárọ̀ Monday: kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin láti borehole, kí ilẹ̀ tó mọ́. Sunday mẹ́ta léra wọn ni ó já lé àbúrò mi ọkùnrin lórí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó fẹ́ràn 20 gan-an, ṣe ló máa ń tọ́jú ẹ̀ dé ìparí. Àwọn àgbà inú ilé mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ọmọ náà ti bó. Inú bí mi.

Mo pè é jókòó, mo tẹ́ káàdì sílẹ̀. Mo ní, "Má jẹ́ kí 20 pẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Tí o bá ti gbọ́ 'Last card', ìràwọ̀ ni kó o kọ́kọ́ lé lọ." Nígbà tó di Sunday, 3 péré ló kù lọ́wọ́ ẹ̀. Bọ̀dá kan nínú ilé ka 36: general market ló kó 20 àti ìràwọ̀ 8 bá wọn. Wọ́n ní mo ti ba eré jẹ́. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, ẹni tí ò mọ òfin kì í ṣe alátakò, ọmọ ọ̀dọ̀ ni." Ní Monday yẹn, àbúrò mi sùn di aago mẹ́fà.

Kì í ṣe eré nìkan. Bàbá mi ń bá àwọn agent ṣiṣẹ́ ní port Àpápá. Wọ́n ní bó ṣe rí nìyẹn ní June 2023, nígbà tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tiẹ̀ lọ́jà. Ẹrù tó wà nínú kóńténà ò yí padà, iye ẹ̀ ní dọ́là ò yí padà, ṣùgbọ́n owó ibodè tí wọ́n máa fi náírà san lọ sókè. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ tètè wá nǹkan ṣe. Ẹni tí ò mọ̀, òun ló pọn omi.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ta Whot nígbà break, ẹ kọ òfin sórí bébà kí ẹ tó pín káàdì: ìràwọ̀, ìlọ́po méjì, Whot, 20. Kí ẹ sì kà á sétí ẹni tó kéré jù láàárín yín.