Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìkòkò Tó Yẹ Oparun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbin oparun sínú ìkòkò kò gbọdọ̀ gbàgbé òwe yìí. Ìkòkò tí ó bá yàn ni yóò sọ bí oparun náà yóò ti ga tó, iye ọdún tí yóò lò kí ààyè tó há mọ́ ọn, àti bóyá yóò ṣeé kó lọ ní ọjọ́ tí a bá kó kúrò nínú ilé.

Ayálégbé ni àwa. Fèrèsé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ó wà lẹ́yìn ògiri dojú kọ àgbàlá wa gan-an. Àwọn obìnrin ilé wa kò lè jókòó síta já ẹ̀fọ́ láìbo orí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá wa àgbà kò lè gba atẹ́gùn ìrọ̀lẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. A kò bá àwọn ará òkè jà, nítorí kò sí bí a ṣe lè ní kí ènìyàn di fèrèsé ilé rẹ̀ pa nítorí tiwa. Oparun ni ó wá sí wa lọ́kàn, nítorí ó máa ń léwé láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí a lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá onílé ní ọdún 2021, wọ́n ní: "Ẹ gbin ohun tí ó bá wù yín, ẹ̀yin ọmọ mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe sínú ilẹ̀. Ẹ wo ògiri yẹn, ẹ wo sókàwéè. Ta ni yóò tún un ṣe?" Òótọ́ ni bàbá sọ.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹbí koríko ni oparun, kì í ṣe igi. Lábẹ́ ilẹ̀, ó ní ìtàkùn tó sanra, tó ní oríkèé bí ata ilẹ̀, ara oríkèé wọ̀nyí sì ni ọmọ tuntun ti ń yọ. Oríṣi méjì ni wọ́n pín sí. Ọ̀kan ń ṣù pọ̀ sójú kan, irú èyí tí a mọ̀ létí odò ní ilẹ̀ wa, àti èyí tí ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè tó sì ní ìlà aláwọ̀ ewé. Èkejì, tí ó pọ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà àti Japan, máa ń sá lọ lábẹ́ ilẹ̀, ó sì lè yọrí ní ọgbà ẹlòmíràn. Èyí tó ń ṣù pọ̀ ni a yàn. Síbẹ̀, bí a bá gbìn ín sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó lè ga tó mítà 15, ìdí rẹ̀ yóò sì máa fẹ̀ lọ́dọọdún. Nínú ìkòkò, kì í ga tó bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ jìnnà, ẹ̀gbẹ́ ni ó ń fẹ̀ sí. Nítorí náà, fífẹ̀ ìkòkò ṣe pàtàkì ju jíjìn rẹ̀ lọ.

A jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé. Ìyá wa àgbà fẹ́ ìkòkò amọ̀ tó rí bí àmù, irú èyí tí àwọn obìnrin amọ̀kòkò Ìpetumodù àti ti Dada ní Ìlọrin mọ̀ ọ́n mọ. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ikùn àmù tóbi, ẹnu rẹ̀ kéré. Bí gbòǹgbò bá kún inú rẹ̀, kò sí bí a ó ti fà á jáde àfi kí a fọ́ ìkòkò. Bákan náà, amọ̀ máa ń tètè gbẹ nígbà ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin dárúkọ dúrọ́ọ̀mù onírin, ṣùgbọ́n irin a máa gbóná lábẹ́ oòrùn, a sì máa dípẹtà. Ìkòkò símẹ́ńtì kò burú, nítorí ìjì kò lè tètè bì í ṣubú. Bí ó bá jẹ́ tuntun, kí a máa fi omi ṣàn án fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó gbin nǹkan sí i. Àmọ́ ta ni yóò gbé e lọ́jọ́ tí ayálégbé bá ń kó lọ? Ní ti bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20, kò fẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Ó tó fún ọmọ oparun fún bí ọdún kan, lẹ́yìn náà yóò há mọ́ ọn.

Níkẹyìn, a ra dúrọ́ọ̀mù oníke méjì, onílítà 200, tí wọ́n fi kó òróró. A kò fẹ́ èyí tí wọ́n fi kó kẹ́míkà. A gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, ó di mẹ́rin. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 58, ó sì jìn tó 44, ẹnu àti ikùn rẹ̀ ṣe déédéé. A fọ̀ wọ́n, a fi ọ̀dà funfun kun ẹ̀yìn wọn kí oòrùn má baà sun gbòǹgbò. A lu ihò mẹ́fà tó gba àtàǹpàkò sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi àpáàdì bo ihò náà kí erùpẹ̀ má bàa ṣàn lọ, a sì gbé wọn ka orí búlọ́ọ̀kù. Búlọ́ọ̀kù yìí ń jẹ́ kí omi rí ọ̀nà jáde, kò sì jẹ́ kí gbòǹgbò ráyè wọ ilẹ̀ bàbá onílé. A kò fi àwo gba omi sábẹ́ rẹ̀, nítorí inú omi tó dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí. Erùpẹ̀ kò kún dé ẹnu, a fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ kí omi lè ráyè mu wọlẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé lítà omi kan ṣoṣo wọn kìlógíráàmù kan. Ìkòkò onílítà 100 tí erùpẹ̀ tútù kún inú rẹ̀ lè ju kìlógíráàmù 100 lọ. Orí ilẹ̀ ni ó yẹ, kì í ṣe orí fàráńdà òkè. Ẹ má sì jẹ́ kí igi kékeré tí wọ́n ń tà nínú gíláàsì omi, tí wọ́n ń pè ní oparun oríire, tàn yín jẹ. Ìbátan pẹ̀rẹ̀gún ni, kì í ṣe oparun. Òun lè dúró nínú omi. Oparun tòótọ́ yóò jẹrà bí ìdí rẹ̀ bá wà nínú omi nígbà gbogbo.

Kí ọdún kejì tó pé, ewé ti bo ojú fèrèsé yẹn. Ìyá wa àgbà ń jókòó síta, omi àlùwàlá wọn sì ń bọ́ sí ìdí oparun. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, gbòǹgbò ti kún ìkòkò. A da ọ̀kan dùbúlẹ̀, ó yọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, a fi ayùn là á sí méjì, a dá ìlàjì padà. Ìyáálé ilé òkè tí ó ń wò wá láti ojú fèrèsé béèrè bóyá a lè ta ìlàjì kejì fún wọn. A ní kí wọ́n wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gbé e sí orí fàráńdà wọn. Ẹ̀gbẹ́ géètì ìsàlẹ̀ ni wọ́n gbé e sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ilé sílẹ̀, kí ẹ tó náwó lórí ìkòkò ẹlẹ́wà, ẹ wò ó bóyá ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ikùn rẹ̀, bóyá ìdí rẹ̀ ní ihò, bóyá ìjì kò ní bì í ṣubú, àti bóyá ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta lè gbé e. Èyí tí ó bá yege nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ rà.