Ta Ni Lékeléke Ń Tẹ̀lé?

Òjò àkọ́rọ̀ ku díẹ̀ kó dé, katakata kan ń túlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́, lékeléke sì tò tẹ̀lé e. Kò sí màlúù kankan nítòsí. Mo kọjá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kọjá lára mi: kí ló pa lékeléke pọ̀ mọ́ katakata?

Ẹyẹ màlúù ni gbogbo ayé ń pè é. Wọ́n ní eégbọn ló ń ṣà jẹ lára ẹran. Ó lè ṣa eégbọn lóòótọ́, àmọ́ tata lóúnjẹ rẹ̀ gan-an. Màlúù á gbẹ́sẹ̀ nínú koríko, tata á ta, lékeléke á gbé e mì. Àwọn onímọ̀ tó ti ṣọ́ ọ rí i pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran, oúnjẹ rẹ̀ ń pọ̀ sí i, ìrìn rẹ̀ sì ń dín kù. Ẹ wò ó dáadáa nígbà tó bá ń dọdẹ: ọrùn rẹ̀ á máa mì lẹ́ngẹ́lẹ́ngẹ́, orí á dúró gbọin, ojú ò ní kúrò lára kòkòrò. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti ṣá a lẹ́nu. Ohunkóhun tó bá ṣáà ti lè da koríko rú ti tó o: ẹfọ̀n, katakata, iná oko pàápàá.

Kò sì jókòó sójú kan. Ẹ̀ẹ̀rùn ló máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba ìhà òkè Ọya lọ. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn kan fò ré òkun láti Áfíríkà dé Gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 1953, wọ́n ti ń pa ọmọ ní Florida.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé ní Ìdó, bí wọ́n bá ń fò lọ sùn nírọ̀lẹ́, a ó na ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sókè, a ó máa tọrọ èékánná funfun. Àbúrò mi rí tirẹ̀ gbà: ẹ̀kán funfun kan lórí àtàǹpàkò. Ó fi yangàn fún wa títí èékánná fi hù ú dé ṣóńṣó, tí ìyá wa sì fi bíléèdì gé e dànù. Inú ń bí mi sí ẹyẹ yẹn pé ó ṣe ojúsàájú.

Àgbẹ̀ tó bá rí i lórí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lónìí ò tọrọ nǹkan kan. Àyà rẹ̀ á já: ṣé màlúù ti wọlé nìyẹn? Ní 2016, lẹ́yìn tí àwọn tí a fura sí pé wọ́n jẹ́ darandaran pa ènìyàn méjì ní Òkè-Àkò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣé fọwọ́ sí òfin tó de dída ẹran jẹ̀ káàkiri Èkìtì. Mo ti gbọ́ ọ létí ara mi tí wọ́n pe lékeléke ní amí àwọn darandaran, tí ọmọdé sì sọ òkò sí i, ọmọdé tó yẹ kó máa tọrọ èékánná.

Kì í ṣe amí ẹnikẹ́ni. Kò fún àbúrò mi ní nǹkan kan, kò sì fi nǹkan kan dù mí. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n ju òkò náà sílẹ̀. Tata inú oko yín ló ń jẹ.